Ta ló lówó jù, Áyálándì àbí Ìlú Ọba?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ àbúrò mi tó ń gbé Dublin ti fẹ́ sọ mí di òmùgọ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni èmi wà. Gbogbo ìgbà tá a bá ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù, á ní kí n palẹ̀ ẹrù mọ́ kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, pé àwọn ló lówó báyìí. Ó fi ìwé Báńkì Àgbáyé ránṣẹ́ sí mi: ní 2023, tí wọ́n bá pín GDP Áyálándì kan orí kọ̀ọ̀kan, ó lé ní 100,000 dọ́là, ti Ìlú Ọba kò ju nǹkan bíi 49,000 lọ. Mo ní irọ́ ni. Orílẹ̀-èdè tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá gbẹ́ kòtò lójú títì Lọ́ńdọ̀nù nígbà ayé àwọn bàbá wa, ìgbà wo ló wá di ìlọ́po méjì Ìlú Ọba? Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gírámà lù mí pa.

* * *

Mo ti gbé ìlú méjèèjì rí, iṣẹ́ ìṣirò owó sì ni mò ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i.

Àna yín ò parọ́. Nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́, bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Àmọ́ ohun tó rò pé nọ́ńbà yẹn ń sọ kọ́ ló ń sọ. Ẹ̀yin náà ò sì jàre tán, torí ẹ̀rí tẹ́ ẹ mú wá ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

GDP máa ń ka iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe láàárín ààlà orílẹ̀-èdè kan láàárín ọdún kan. Ibi tí iṣẹ́ ti wáyé, tàbí ibi tí ìwé owó sọ pé ó ti wáyé, ibẹ̀ ló ń wò. Kò béèrè ẹni tó ni èrè. Ẹ wo Primark tí gbogbo wa ti ń ra ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ ọmọ. Mary Street ní Dublin ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1969, Penneys ni wọ́n ṣì ń pè é níbẹ̀ títí dòní, Dublin náà sì ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n Associated British Foods ní Lọ́ńdọ̀nù ló ni ín. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe ní Mary Street, inú GDP Áyálándì ló ń wọ̀. Èrè tó bá kù lẹ́yìn tí wọ́n ti san owó òṣìṣẹ́ àti owó orí, ti àwọn oní-nǹkan ní Lọ́ńdọ̀nù ni.

Ti Primark kéré. Ẹ wá wo àwọn ará Amẹ́ríkà: Apple ti wà ní Cork láti 1980, Microsoft dé ní 1985, Intel dé Leixlip ní 1989, Google ní 2003, Facebook ní 2008. Èrè tiwọn kì í ṣe ti ìbọ̀sẹ̀.

* * *

Ẹnì kan ti ní kí n fi ìtàn sílẹ̀, kí n sọ ti òní. Mi ò lè fi í sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìjà yín wà.

Láàárín 1845 sí 1852 tí àrùn ba ànàmọ́ òyìnbó jẹ́ lóko wọn, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ni ebi àti àìsàn pa, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan míì sì sá kúrò nílùú. Abẹ́ Ìlú Ọba ni wọ́n wà nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n gba ara wọn ní 1922, ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ọjà tí wọ́n ń tà sílẹ̀ òkèèrè, Ìlú Ọba náà ló ń rà á. Wọ́n ní àsíá tiwọn, wọ́n ní ilé ìgbìmọ̀ tiwọn, ọ̀gá àná ṣì ni oníbàárà kan ṣoṣo. Ní 1932 wọ́n kọ̀, wọn ò san owó ilẹ̀ tí wọ́n ń san fún Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Lọ́ńdọ̀nù gbé owó ibodè lé màlúù wọn. Ìjà yẹn ò parí títí di 1938, àgbẹ̀ ló sì jìyà rẹ̀ jù.

Àwọn agbẹ́kòtò tẹ́ ẹ ń sọ, àwọn ọdún 1950s ni wọ́n pọ̀ jù. Nǹkan bíi 400,000 ló kó kúrò láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sí Ìlú Ọba. Nígbà tí wọ́n ka orí ní 1961, 2.8 mílíọ̀nù péré ni wọ́n bá nílé.

Ní 1958, akọ̀wé àgbà ilé iṣẹ́ ìṣúná wọn, T. K. Whitaker, kọ ìwé kan tó ní kí ìjọba yéé ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kí wọ́n jẹ́ kí iléeṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè wọlé. Seán Lemass di olórí ìjọba ní 1959, ó sì mú un lò. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí ibùdó òwò ọ̀fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú Shannon. Ní 1967, ilé ẹ̀kọ́ gírámà di ọ̀fẹ́. Ẹ rántí ti ilé ìwé yìí, màá padà sí i.

Wàyí o, ẹ gbọ́ nọ́ńbà. Angus Maddison, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣírò ọrọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè lọ sẹ́yìn, ṣe é lọ́nà tó yọ ìyàtọ̀ iye owó ọjà kúrò. Tí ọrọ̀ ará Ìlú Ọba kan bá jẹ́ 100, ti ará Áyálándì jẹ́ nǹkan bíi 56 ní 1913. Ní 1950, 50. Ní 1973, 57. Ọgọ́ta ọdún gbáko, ojú kan náà ni wọ́n wà! Ní 1998, ó ti di 97.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1973 sí 1998 ló yẹ kẹ́ ẹ máa jà sí, kì í ṣe ti agbẹ́kòtò.

* * *

Mo ti mọ̀ pé ẹni tó máa sọ ọ́ máa yọjú: "Olè owó orí lásán ni wọ́n. Kò sí nǹkan míì níbẹ̀."

Ọ̀pọ̀ ló gba èyí gbọ́, pàápàá àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò gbà á. Ní 1956 ni Áyálándì ti kọ́kọ́ ṣòfin pé èrè orí ọjà tí iléeṣẹ́ bá tà sílẹ̀ òkèèrè kò ní san owó orí tó bó ṣe yẹ, nígbà tó sì yá, kò san kọ́bọ̀. Ní 1981 wọ́n ní kí àwọn tó ń ṣe nǹkan jáde máa san ìdá 10. Tó bá jẹ́ pé owó orí nìkan ló ń sọ èèyàn di olówó, ó yẹ kí wọ́n ti lówó láti ìgbà náà. Àmọ́ ní 1987, nǹkan bíi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń wáṣẹ́ ni kò rí iṣẹ́, gbèsè ìjọba pọ̀ ju gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún kan lọ, àwọn ọmọ tí wọ́n rán nílé ìwé sì ń wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Boston. Owó orí kékeré wà, ebi wà.

Kí ló yí padà? Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni Áyálándì àti Ìlú Ọba jọ wọ ẹgbẹ́ ọjà Yúróòpù. Ìlú Ọba wọ̀ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fipá mú, Áyálándì wọ̀ ọ́ bí ẹni tó rí ọ̀nà àbáyọ. Lọ́dún yẹn, nǹkan bíi ìdá 55 nínú ọjà wọn ṣì ń lọ sí Ìlú Ọba. Lónìí, ti ọjà tí a lè fọwọ́ kàn ti sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ará Amẹ́ríkà tó bá kọ́ iléeṣẹ́ sí Cork lè ta ọjà dé Jámánì láìsan owó ibodè. Ẹ wá fi owó orí kékeré kún un, ẹ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un, kẹ́ ẹ sì fi àwọn ọmọ tó jàǹfààní ilé ìwé ọ̀fẹ́ ti 1967 kún un.

Ohun tí kò sí ẹni tó ń sọ ni ti àwọn obìnrin. Títí di 1973, obìnrin tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Áyálándì, ọjọ́ tó bá ṣègbéyàwó ni iṣẹ́ rẹ̀ parí. Òfin ni. Nígbà tí wọ́n fagi lé e, àwọn ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé wọn dúró sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí rẹpẹtẹ ní àwọn ọdún 1970s náà tún gòkè àgbà bọ́ sí àwọn ọdún 1990s. Ní ìparí àwọn ọdún 1980s, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.1 ló ń ṣiṣẹ́. Ní 2007, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 2.1. Ilé tí ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ bọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ilé tí ẹni méjì ń ṣiṣẹ́ bọ́. Kò sí ẹni tó lè fi ìwé ẹ̀tàn ṣe ìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé 97 ti 1998 yẹn, ojúlówó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ̀tàn wà o. Àmọ́ ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló gbó.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí kẹ́ ẹ lè mọ bí ẹ̀tàn náà ṣe rí. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọ́fíìsì kan ní Dublin ni. Àjà kan péré la ní nínú ilé gíláàsì kan tó wà nítòsí odò Liffey, a ò pọ̀ rárá, ẹ̀rọ kọfí wa sì máa ń bàjẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ilé ìwòsàn kan ní Ítálì ra ẹ̀rọ kan. Jámánì ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà. Láti Jámánì ni ọkọ̀ akẹ́rù ti gbé e gba Austria dé Ítálì. Ará Ítálì ló tà á fún wọn. Àmọ́ ẹ wo orí ìwé owó: Dublin. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Owó tó wà lórí ìwé kan ṣoṣo yẹn ju owó oṣù gbogbo wa tó wà lórí àjà yẹn lọ. Ẹ̀rọ náà ò fẹsẹ̀ kan Áyálándì rí; ẹ̀tọ́ orí ìmọ̀ tí wọ́n fi ṣe é ló wà lórúkọ iléeṣẹ́ wa, ibi tí ẹ̀tọ́ bá sì wà ni èrè ń gbà lọ.

Gbogbo rẹ̀ bá òfin mu. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò máa ń wá, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á bọwọ́ lù ú. Mo tún máa ń rántí ọ́fíìsì tí mo ti ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó sanwó, ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ọjà tí wọ́n tà, gbogbo wọn wà ní àdúgbò kan. Nínú ìwé GDP, òṣìṣẹ́ Dublin fi ìlọ́po-ìlọ́po dára ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Èmi kan náà ni mo ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Mi ò gbọ́n sí i nígbà tí mo rékọjá òkun.

* * *

Ẹni tó béèrè pé "ìgbà wo gan-an ni GDP wọn sọ orí nù?", ìdáhùn yín rèé: oṣù keje 2016.

Lóṣù yẹn, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba wọn kéde pé ọrọ̀ ajé Áyálándì ti fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i ní 2015. Nínú ọdún kan! Àwọn ará Dublin fúnra wọn bú sẹ́rìn-ín. Paul Krugman, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel, fi leprechaun, iwin kékeré inú àlọ́ wọn tó ń ṣọ́ ìkòkò wúrà, ṣe ẹlẹ́yà rẹ̀, orúkọ yẹn ò sì kúrò lára rẹ̀ títí dòní. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá díẹ̀ gbé ẹ̀tọ́ ìmọ̀ wọn tó tó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù láti erékùṣù tí kò gbowó orí wá sí Áyálándì lórí ìwé. Kò sí ọ̀nà tuntun, kò sí ilé tuntun, owó oṣù ẹnikẹ́ni ò fi ìdá 26 ga.

Ó máa yé àwa ọmọ Nàìjíríà. Oṣù kẹrin 2014 la sùn tá a jí, tí wọ́n ní GDP wa ti 2013 ti kúrò ní nǹkan bíi 270 bílíọ̀nù dọ́là, ó ti di 510 bílíọ̀nù, a ti ju South Africa lọ. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀ ṣá o. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ tí wọn ò kà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá kà, àwọn onífóònù àti àwọn oníṣèré Nollywood. Tiwọn, ohun tí kò sí nílẹ̀ ni wọ́n kà.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín: owó tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń dá fún Yúróòpù, ìṣirò ọrọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń bù ú. Ọrọ̀ orí ìwé gòkè, owó ìdásílẹ̀ náà gòkè. Owó gidi ni wọ́n fi san ìyẹn.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Philip Lane, tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ wọn nígbà náà. Láti 2017 ni wọ́n ti ń gbé òdiwọ̀n míì jáde, GNI* ni wọ́n ń pè é, ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n á yọ èrè àwọn àjèjì kúrò. Wọ́n á yọ iye tó ń dín kù lọ́dọọdún lára ẹ̀tọ́ ìmọ̀ tí wọ́n kó wá. Wọ́n á yọ ti àwọn ọkọ̀ òfuurufú tí ìwé wọn wà ní Dublin, àmọ́ tó jẹ́ pé ojú sánmà ilẹ̀ míì ni wọ́n ń fò káàkiri, torí àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú háyà pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Ní 2023, GDP wọn lé ní 500 bílíọ̀nù yúrò. GNI* ò tó 300 bílíọ̀nù. Ohun tó lé ní 200 bílíọ̀nù ló fò lọ láàárín nọ́ńbà méjèèjì. Lọ́dún 2023 yẹn náà, GDP wọn lọ sílẹ̀, iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sì ń pọ̀ sí i.

* * *

"Ẹ̀ẹ́ṣe tí ẹ kò sọ òótọ́ pé Ìlú Ọba ló ti kú?"

Kò kú. Ẹni tó bá rò pé ó ti kú, kó fi gbogbo rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n: nǹkan bíi 2.7 tírílíọ̀nù pọ́n-ùn ni GDP rẹ̀ ní 2023, èèyàn 68 mílíọ̀nù ló sì ń gbé ibẹ̀. Gbogbo Áyálándì ò ju 5.3 mílíọ̀nù lọ lọ́dún yẹn. Àwọn tó wà nínú Lọ́ńdọ̀nù nìkan ju ìyẹn lọ dáadáa.

Ohun tó ṣe Ìlú Ọba ni pé ó dúró sójú kan. Kó tó di 2008, ohun tí òṣìṣẹ́ kan ń pèsè ní wákàtí kan ń fi nǹkan bíi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ga lọ́dọọdún. Lẹ́yìn tí àwọn báńkì dà wó, kò padà sórí ìrìn yẹn mọ́. Ìdìbò oṣù kẹfà 2016 tún dé, wọ́n kúrò ní Yúróòpù ní ìparí oṣù kìíní 2020; àwọn tó ń bá ìjọba wọn ṣírò ọjọ́ iwájú sì fojú bù ú pé ìkúrò yẹn máa gé nǹkan bíi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ohun tí òṣìṣẹ́ ì bá máa pèsè. Nítorí náà, ìdajì eré tí àna yín ń rí, Áyálándì sáré ni; ìdajì yòókù, Ìlú Ọba ló dúró tó ń mí. Ìdájọ́ tèmi nìyẹn, ẹni tó bá ní òmíràn kó mú un wá.

* * *

Ọ̀rọ̀ kànga ti wá di ọ̀rọ̀ omi. Kí ló ń wọ àpò òṣìṣẹ́? Mo lo ti 2025, torí ó wà nílẹ̀ fún gbogbo èèyàn láti wò.

Owó tó kéré jù lófin láti san fún òṣìṣẹ́ ní wákàtí kan: Áyálándì, 13.50 yúrò. Ìlú Ọba, láti oṣù kẹrin, 12.21 pọ́n-ùn. Ẹ yí pọ́n-ùn yẹn padà, ó tó nǹkan bíi yúrò 14. Ẹ gbọ́ o! Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ní ó ní ìlọ́po méjì, owó ẹni tó ń fọ ilẹ̀ níbẹ̀ ò tó ti èkejì. Tí nọ́ńbà kan bá wà tó yẹ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí àna yín, èyí ni.

Owó orí: ní Dublin, àpọ́n tó bá ti ń gbà ju 44,000 yúrò lọ́dún, ìdá 40 ni wọ́n máa gé lára èyí tó bá lé. Ní England, owó gbọ́dọ̀ lé ní 50,270 pọ́n-ùn kí wọ́n tó fi ìdá 40 kàn án. Ẹ̀gbọ́n kan sọ pé ó ṣẹ́gun níbi owó oṣù ní Dublin, tó sì fìdí rẹmi níbi ìwé owó oṣù. Mo mọ ohun tó ń sọ.

Dókítà: NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, ò ní gba owó lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó wá pẹ̀lú físà ti san 1,035 pọ́n-ùn fún ọdún kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó wọlé. Ní Dublin, tẹ́ ẹ ò bá ní káàdì ìwòsàn ọ̀fẹ́, nǹkan bíi 50 sí 70 yúrò ni kẹ́ ẹ mú dání kí dókítà tó sọ pé ikọ́ lásán ni.

Owó ilé, ẹ má wulẹ̀ dá a sílẹ̀. Ní 2022, àjọ ìṣirò Yúróòpù ní iye owó ọjà tí ìdílé ń rà ní Áyálándì fi ìdá 46 ga ju ìpíndọ́gba Yúróòpù lọ, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó jù ú nínú ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí àjọ yẹn kan náà ṣírò ohun tí èèyàn ń jẹ, tó ń wọ̀, tó ń lò ní ti gidi, ti ará Áyálándì ò ga ju ìpíndọ́gba Yúróòpù lọ. Ibo ni 100,000 dọ́là wọlé sí?

Kí n má ṣojúsàájú: owó ọmọ níbẹ̀ dára. 140 yúrò lóṣù lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, àtàkọ́bí àtàbígbẹ̀yìn. Ìlú Ọba máa ń fún àkọ́bí ní tirẹ̀, á wá dín ti àwọn àbúrò kù. Ẹni tí físà rẹ̀ bá sì sọ pé kò gbọ́dọ̀ gba owó ìjọba, kò sí nǹkan kan fún un. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tó ń tọ́jú arúgbó ní Tallaght, ní Dublin, máa ń sọ fún mi pé owó ọmọ lòun fi ń ra oúnjẹ ilé, kí n gbé GDP mi dání.

* * *

Ẹnì kan bi mí pé ìgbà wo ni àwa Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ tó báyìí. Ọ̀rọ̀ yìí yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan ọrọ̀ ajé.

Láyé ìgbà tí ebi ń pa wọ́n, kò sẹ́ni tó ń lọ sí Áyálándì. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ló ń jáde. Ìparí àwọn ọdún 1990s ni ọ̀nà yí padà, tí àwọn tó ń wọlé wá pọ̀ ju àwọn tó ń jáde lọ. Àwọn èèyàn wa wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ dé. Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wá tọrọ ibi ìsádi níbẹ̀ ní 2000. Ní 2007, ó di olórí ìlú Portlaoise, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé irú ipò yẹn ní Áyálándì.

Òfin ìbí náà wà lára ohun tó fa èèyàn. Ọmọ tí wọ́n bá bí níbẹ̀, ọmọ ìlú ni, láìwo ìwé òbí rẹ̀. Ìlú Ọba ti fòpin sí tirẹ̀ láti 1983. Áyálándì dìbò lé e lórí ní oṣù kẹfà 2004, ó sì parí láti ìbẹ̀rẹ̀ 2005. Àwọn kan nínú wa ṣì máa ń sọ fún àwọn tó ń lọ báyìí pé ìbímọ á ṣe é. Kò ní ṣe é mọ́. Ẹ má tan ara yín.

* * *

Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó béèrè. Ẹ mú bébà àti bírò.

GNI* ti 2023, tẹ́ ẹ bá pín in fún èèyàn 5.3 mílíọ̀nù, ó máa fún yín ní nǹkan bíi 55,000 yúrò kan orí kọ̀ọ̀kan. Ti Ìlú Ọba, 2.7 tírílíọ̀nù pọ́n-ùn láàárín 68 mílíọ̀nù, bíi 40,000 pọ́n-ùn, ẹ yí i sí yúrò, nǹkan bíi 46,000. Áyálándì fi bí ìdá kan nínú márùn-ún jù ú lọ. Kì í ṣe ìlọ́po méjì. Tẹ́ ẹ bá wá rántí owó ọjà àti owó ilé, àlàfo yẹn á tún fún sí i, àwọn mìíràn á ní kò sí mọ́. Èmi rò pé ó ku díẹ̀ sílẹ̀.

Ẹnì kan tako mi pé mi ò yọ èrè àwọn àjèjì kúrò nínú ti Ìlú Ọba. Ó rí i. Ìdí tí mi ò fi yọ ọ́ ni pé ní Ìlú Ọba, èrè tí àjèjì ń kó jáde àti èrè tí àwọn ará Ìlú Ọba ń kó wọlé láti òkèèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tó bẹ́ẹ̀ tí GDP àti GNI wọn (ìyẹn owó tó wọlé fún àwọn ará ìlú fúnra wọn) máa ń sún mọ́ra. Ti Áyálándì nìkan ló la ẹnu sílẹ̀ báyẹn.

Ẹ sọ fún àna yín pé wọ́n ti lé Ìlú Ọba bá, wọ́n tilẹ̀ ti fi díẹ̀ kọjá. Kó yéé pariwo ìlọ́po méjì. Kí ẹ̀yin náà sì gbé ọ̀rọ̀ agbẹ́kòtò sílẹ̀.

* * *

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ló wù mí jù: "Táwọn ará Amẹ́ríkà bá palẹ̀ mọ́ ńkọ́?"

Wọ́n ti rí ìjàǹbá rí, àmọ́ kì í ṣe ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Ilé kíkọ́ àti báńkì ló fà á. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2008, ìjọba ṣe onídùúró fún gbèsè àwọn báńkì ńlá wọn, gbèsè náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìjọba fúnra rẹ̀ mì. Iye owó ilé já wálẹ̀ dé ìdajì. Àwọn àdúgbò tuntun wà tí ilé pé síbẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú wọn. Ní oṣù kọkànlá 2010 wọ́n gba ètò ìrànwọ́ 85 bílíọ̀nù yúrò. Ẹ wo ẹni tó wà lára àwọn tó yá wọn lówó: Ìlú Ọba, 3.2 bílíọ̀nù pọ́n-ùn, tí wọ́n san tán ní 2021. Kì í ṣe àánú lásán. Àwọn báńkì Lọ́ńdọ̀nù fúnra wọn ní owó tó pọ̀ níbẹ̀, ọjà tí Ìlú Ọba ń tà síbẹ̀ náà kò sì kéré.

Ti èyí tó ń bọ̀ yàtọ̀. Ní 2014, owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ jẹ́ nǹkan bíi 4.6 bílíọ̀nù yúrò. Ní 2023, ó ti di 23.8 bílíọ̀nù, àwọn iléeṣẹ́ mẹ́wàá péré ló sì ń san ohun tó ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ilé ẹjọ́ gíga jù ní Yúróòpù ní kí Apple san 13 bílíọ̀nù tí Áyálándì fúnra rẹ̀ ti ń bá wọn jà pé òun ò fẹ́ gbà. Wọ́n ń sọ pé àwọn ò fẹ́ owó, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n kí àlejò má bàa bínú. Láti 2024, iléeṣẹ́ tó bá tóbi tó gbọ́dọ̀ san ìdá 15, kì í ṣe 12.5 tí wọ́n ń san láti 2003.

Àwọn tó mọ ìwé owó wọn jù nílùú náà ò gbà pé owó yìí máa wà títí. Lọ́dún 2024 yẹn náà ni ìjọba dá àpò ìfowópamọ́ kan sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú, tí wọ́n á máa fi ìdá 0.8 GDP sí lọ́dọọdún títí di 2035. GDP ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n tibẹ̀ o, kì í ṣe GNI*.